Ọ̀gá Wolé-wolé Papòdà sí Ojú Òkun

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ènìyàn kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ pe ìwé ikú ara rẹ̀ fún akọ̀wé, kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí i, kí ó sì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́, ẹ ní kí onítọ̀hún wá sí Fìdítì wá bi wá. Ó ṣẹlẹ̀ lójú wa, ní ọdún tí ìjọba fi owó Údójì kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Àwa la bá a gbé ẹrù dé gáréèjì.

Ezekiel Ògúnlẹ́yẹ ni orúkọ ọkùnrin náà. Òun ni ọ̀gá àwọn wolé-wolé fún Fìdítì, Ìlọràá àti àwọn abúlé tí ó wà láàárín méjèèjì. Iṣẹ́ wolé-wolé kò ṣòro láti ṣàlàyé: kí ènìyàn wọ ilé onílé, kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò omi bóyá tanwíji wà níbẹ̀, kí ó yọjú wo ṣáláńgá, kí ó sì kọ orúkọ onílé tí ó dọ̀tí sínú ìwé sámọ́ńsì. Iṣẹ́ gidi ni, iṣẹ́ tí ó ń gba ẹ̀mí là. Ṣùgbọ́n lọ́wọ́ Ezekiel, ó di oyè. Bí ó bá fẹ́ wọ ilé yín, gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò wọn, kí wọ́n tẹrí ba, kí wọ́n sì jùmọ̀ wí pé: “Ẹ káàbọ̀, Ojú-kì-í-fo-tanwíji.” Òun ló fún ara rẹ̀ lórúkọ yẹn. Bí ohùn wọn kò bá dọ́gba, á jáde, á sì tún wọlé. Ó fún ìyá ìyàwó rẹ̀ ní sámọ́ńsì nítorí igbá omi adìyẹ, ó sì mú kí màmá náà wà ní ìdúró títí ó fi kà á tán.

Ọ̀rọ̀ lásán kì í jáde lẹ́nu rẹ̀. Ezekiel kì í jẹun, ó máa ń bá oúnjẹ ṣèpàdé ni. Kì í sùn, ojú rẹ̀ ló máa ń gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kéékèèké, ó ní, ti àwọn tí kò ní òǹtẹ̀ ni. Ẹ má sì rò pé ó gbọ́ Yorùbá ju ẹnikẹ́ni lọ o. Ṣe ni ó máa ń fetí sí rédíò àti sí ìwàásù. Bí ó bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó gùn tí ó sì dùn lẹ́nu, á gbé e sápò, kò ní dúró bèèrè ohun tí ó ń jẹ́. Báyìí ló ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà “papòdà”. Ó gbọ́ lórí rédíò pé ọba kan papòdà. Ó gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù kan papòdà. Ó gbọ́ pé adájọ́ àgbà kan papòdà. Kò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ní àgbẹ̀ kan papòdà. Ó wá dá a lójú pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹni ńlá ni, ó sì fi í pamọ́ de ọjọ́ tirẹ̀.

Ọjọ́ náà dé nígbà tí ó ka nínú ìwé ìròyìn pé ọkọ̀ afẹ́ funfun kan ń gbéra ní Àpápá, yóò kàn sí Tẹ́mà, Àbíjàn àti Fìrítáùn, yóò dé Dákà, yóò sì yí padà, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko. Kì í gbé ẹrù, kì í gbé màlúù. Àwọn tí ń najú nìkan ni ó ń gbé. Ezekiel gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ra ìwé ọkọ̀ fún ẹnì kan.

Adéjọkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń fọ abọ́ nígbà tí ó gbọ́.

“Bàbá Mobọ́lá, ẹnì kan ṣoṣo? Èmi ńkọ́?”

“Adéjọkẹ́, jẹ́ kí n là ọ́ lóye. Bí a bá jọ wọ ọkọ̀ yẹn, wọ́n á ní ọkùnrin kan àti ìyàwó rẹ̀ ló ń kọjá lọ. Bí mo bá dá wọ̀ ọ́, wọ́n á mọ̀ pé ìjọba ló ń kọjá.”

“Ọdún kọkànlélógún rèé tí a ti jọ ń gbé. A ò tíì jọ rìn kọjá Ìbàdàn rí.”

“Ìbàdàn náà kò kéré,” ni Ezekiel wí, ó sì lọ wọn ṣòkòtò kakí tuntun níwájú díńgí.

Adéjọkẹ́ padà sídìí abọ́ rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun, a sì mọ̀, nítorí pé obìnrin tí ó máa ń kọrin nídìí abọ́ fi ọ̀sẹ̀ kan gbáko dákẹ́.

Ní ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ìrìn àjò náà, Ezekiel pe Olúkúnlé akọ̀wé rẹ̀, ọmọ Àwẹ́, ọkùnrin tútù tí ó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà.

“Kọ ọ́ sílẹ̀. Ìkédé Pàtàkì. A ń fi tó gbogbo ayé létí pé Ọ̀gá Àgbà Ezekiel Ògúnlẹ́yẹ, Ojú-kì-í-fo-tanwíji, ti papòdà ní ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀.”

Bírò Olúkúnlé dúró.

“Sà, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ‘papòdà’ yìí…”

“Kí ló ṣe é?”

“Nílé wa ní Àwẹ́, sà, ẹni tí ó bá ti kú ni wọ́n ń…”

“Olúkúnlé! Ṣé Àwẹ́ ni wọ́n ti ń kọ́ Ọ̀gá ní Yorùbá? Já a sí wẹ́wẹ́ kí n rí i. Pa. Ipò. Dà. Mo wà ní ipò ọ́fíìsì, mo pa á dà sí ipò ojú òkun. Fi ikú hàn mí níbẹ̀!”

“N ò rí i, sà.”

“Máa kọ ọ́ lọ. Gbogbo ìlú, tọmọdé tàgbà, ló jáde wá sin Ọ̀gá. Ẹ̀kún pọ̀.”

“Ẹ̀kún, sà?”

“Yóò pọ̀.”

Ó fúnra rẹ̀ lu òǹtẹ̀ sí i, ẹ̀dà méjìlá, ó sì ní kí wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri kọ́ọ̀tù, ti ọjà àti ti ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Ajé, kí wọ́n sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tí ó ń darí àwọn wolé-wolé ní Ìbàdàn, kí ojú lè ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó pe ìpàdé sí gbọ̀ngàn kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Ó pa àṣẹ mẹ́ta. Èkíní, kí gbogbo ewúrẹ́ ìlú wẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ kí ó tó di ọjọ́ Ajé, nítorí pé ó lè yí ojú padà, kò sì fẹ́ kí ohun tí ó máa rí gbẹ̀yìn jẹ́ ewúrẹ́ tó dọ̀tí. Èkejì, kí àwọn tí ń ta ọsàn lẹ́bàá títì fi aṣọ nu ọsàn wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí yóò fi máa dán. Ẹ̀kẹta ni ó fi ohùn wúwo sọ.

“Ewúrẹ́ ló ń lọ. Àgbẹ̀ ló ń rìnrìn àjò. Ẹnikẹ́ni tí mo bá gbọ́ pé ó ní Ọ̀gá lọ, tàbí pé Ọ̀gá rìnrìn àjò, yóò kó gọ́tà láti kọ́ọ̀tù yìí dé ojú títì fún ọjọ́ mẹ́ta. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ìbáà jẹ́ gómìnà, ìdáhùn kan ni ó wà: Ọ̀gá papòdà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi kún un, ẹ kò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀. Ẹ wí i kí n gbọ́.”

Àwọn àgbà wo ojú ara wọn. Bàbá Ifábùnmi, tí oko ọsàn rẹ̀ tóbi jù ní Fìdítì, ló fi ọ̀pá dìde.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó yé mi dáadáa. Ẹ̀yin fúnra yín, bí ẹ ṣe dúró yìí, lẹ fẹ́ papòdà?”

“Èmi fúnra mi, bàbá.”

“Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú yín?”

“Ó ti pẹ́ tó ti ń wù mí.”

“Àwọn ará ilé yín ti gbọ́?”

“Wọ́n gbọ́. Ìyàwó fẹ́ bá mi papòdà, èmi ni mo kọ̀.”

Bàbá Ifábùnmi mi orí títí. “Ó dáa náà. Ta wá ni àwa tí a ó dá yín dúró?”

“Ọ̀gá papòdà!” ni gbogbo gbọ̀ngàn bá hó. Irú ohùn tó dọ́gba bẹ́ẹ̀, Ezekiel kò gbọ́ ọ rí láti ọjọ́ tí ó ti ń wọlé wọn. Inú rẹ̀ dùn dé bi pé ó nu ojú.

Lọ́jọ́ Ajé, ewúrẹ́ tó mọ́ fóò ń sá kiri ìgboro, ọṣẹ ń ta wọ́n lójú. A sin Ọ̀gá dé gáréèjì. Ó gun orí àpótí, ó sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan gbáko lórí bí òkun yóò ti rí nígbà tí ó bá rí òun. Awakọ̀ ní àwọn èrò yòókù ti fẹ́ máa gbọ̀nà, ni Ọ̀gá bá wọ iwájú mọ́tò. Adéjọkẹ́ na àpò ẹ̀pà sí i lójú fèrèsé pé kó máa fi panu lọ́nà. Kò gbà á. Ó ní kì í ṣe oúnjẹ ipò òun.

Ẹ jẹ́ ká bá a dé inú ọkọ̀ ná, nítorí pé ìyà tí ó jẹ níbẹ̀ tó ìyà í jẹ.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ó ti rí nílé. Bí ènìyàn bá jókòó, wọ́n á kí i kú ìjókòó. Bí ó bá jáde síta lọ gba atẹ́gùn, wọ́n á kí i kú ìnàjú. Ezekiel jókòó sórí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ kìíní, ó fẹ àyà, ó ń dúró. Ẹni ọgọ́rùn-ún kọjá níwájú rẹ̀, kò sí ẹni tó ní kú ìjókòó. Ó dìde, bóyá wọ́n á kí i kú ìdìde. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, ó tún jókòó. Nígbà tí ó di àkókò oúnjẹ, wọ́n fi í sí tábìlì tí ó wà fún ẹnì kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìdáná, nítorí pé àwọn tó kù jẹ́ tọkọtaya tàbí ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́, wọn kò sì mọ ibi tí wọn ì bá fi ìjọba jókòó sí.

Lọ́jọ́ kejì, òkun mi ọkọ̀ díẹ̀, Ojú-kì-í-fo-tanwíji sì fi ọ̀sán àti ìrọ̀lẹ́ di báàfù mú, ó ń bì. Lọ́jọ́ kẹta, ó wọ kakí rẹ̀, ó kó àmì ẹ̀yẹ sáyà, ó mú tọ́ọ̀ṣì, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìkòkò òdòdó inú ọkọ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí tanwíji kankan, ó sì dùn ún pé kò rí. Ìgbà tí ó fẹ́ wọ ilé ìdáná lọ wo àgbá omi, ìgbákejì ọ̀gá ọkọ̀ gba tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní wọn yóò dá a padà fún un ní Àpápá.

Lọ́jọ́ kẹrin ló wá ṣẹlẹ̀. Òyìnbó obìnrin kan rí i nínú kakí, ó rò pé òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ni. Ó fi ọwọ́ pè é, ó ní kó jọ̀ọ́ bá òun gbé àga òun sínú òòrùn.

Ó gbé e.

Ẹ má bi mí pé kí ló dé. Ọjọ́ mẹ́rin ni ẹnikẹ́ni kò ti fi ohùn dídùn bá a sọ̀rọ̀, obìnrin yìí sì ní “jọ̀ọ́”. Ó gbé àga náà, ó tún gbé ti ọkọ rẹ̀ tẹ̀ lé e, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà dé Dákà, àti láti Dákà bọ̀, ó ń gbé àga. Bí ó bá ti padà sí yàrá rẹ̀, á dúró níwájú díńgí, á tẹrí ba, á ní, “Ẹ kú ìnàjú, Ọ̀gá.” Á sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé, “A dúpẹ́, ará ìlú.”

Ní Ìbàdàn, ẹ̀dà ìkédé náà ti dé orí tábìlì Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀dé, tí ó ń darí àwọn wolé-wolé. Ó kà á, ó ṣí fìlà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fara balẹ̀ ni, nítorí náà ó kọ ìwé sí Fìdítì: ṣé lóòótọ́ ni Ọ̀gá yín papòdà, ta sì ni ẹlẹ́rìí?

Olúkúnlé mú ìwé náà tọ Adéjọkẹ́ lọ, ó bá Bàbá Ifábùnmi níbẹ̀, tí ó gbé ọsàn wá.

“Ìyá, kí ni kí n kọ?”

Adéjọkẹ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. “Kí ni ó ní kí ẹ máa sọ bí wọ́n bá bi yín?”

“Ọ̀gá papòdà. A ò gbọdọ̀ fi kún un, a ò gbọdọ̀ yọ níbẹ̀.”

“Wọ́n ti wá bi ọ́ báyìí, àbí wọn ò bi ọ́?”

“Wọ́n bi mí, ma.”

“Ṣé irọ́ ni pé a sin Ọ̀gá?”

“Gbogbo wa la sin Ọ̀gá, ma. Títí dé gáréèjì.”

“Èmi ò lè kó gọ́tà ní ọjọ́ orí mi,” ni Bàbá Ifábùnmi wí, ó sì ń bó ọsàn.

Olúkúnlé bá kọ ọ́: Ọ̀gá papòdà. Gbogbo ìlú ló sin Ọ̀gá. Ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀. Kò fi gáréèjì kún un, nítorí òfin. Adéjọkẹ́ buwọ́ lù ú gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Èrò tirẹ̀ ni pé Ìbàdàn yóò fura, wọn yóò rẹ́rìn-ín, wọn yóò sì fún ọkọ òun ní ìbáwí díẹ̀ nígbà tí ó bá dé. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ pé kò dára bẹ́ẹ̀, ẹ kọ́kọ́ tò sídìí ìkòkò yín fún ọdún mẹ́wàá, kí ẹ wá sọ ọ́ fún wa.

Ìbàdàn kò rẹ́rìn-ín. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ́fíìsì náà, wọ́n ṣe nǹkan kíákíá. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, ọ̀gá tuntun ti dé Fìdítì.

Nígbà tí Ezekiel sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì, ó dúró kí ìlú wá pàdé òun. Beatrice tí ń ta ìbẹ́pẹ nìkan ló gbójú sókè.

“Ẹ káàbọ̀, Bàbá Mobọ́lá,” ó ní, ó sì ń bá ọjà rẹ̀ lọ.

Ezekiel fi ìbínú gba ọ́fíìsì lọ. Ó bá ọmọbìnrin kan nínú kakí tó ti tan tọ́ọ̀ṣì sínú ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn àga Ọ̀gá. Ìkòkò yẹn, ẹnikẹ́ni kò yẹ̀ ẹ́ wò rí. Tanwíji ń fò sókè sódò nínú rẹ̀.

“Ta ni ìwọ?”

“Josephine Adéwùnmí ni mí, sà, ọ̀gá wolé-wolé tuntun. Ẹ dákun, ẹ wá wo nǹkan. Ẹni tó ń jókòó síbí, ká ní kò tíì kú ni, sámọ́ńsì ni ǹ bá fún un.”

“Èmi ni Ọ̀gá!”

“Ọ̀gá ti papòdà, sà. Ó wà nínú fáìlì.”

“Èmi ni mo papòdà!”

Josephine wò ó tàánútàánú. “Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ jókòó.”

Ezekiel yíjú sí akọ̀wé rẹ̀. “Olúkúnlé! Kí lẹ sọ fún wọn?”

“Ohun tí ẹ ní ká sọ ni, sà. A ò fi kún un.”

Ní ọjọ́ Ajé, Ezekiel àti ìyàwó rẹ̀ gba Ìbàdàn lọ. Ó wọ kakí rẹ̀. Ẹ̀rù bà á gidigidi, nítorí pé bí wọ́n bá gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kò mọ ẹni tí yóò kù. Adéjọkẹ́ bẹ Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀dé kí ọkọ rẹ̀ tó lanu. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun náà jẹ̀bi, òun buwọ́ lùwé láìronú jinlẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀dé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ní kó dìde.

“Bàbá, a rí i pé ẹ wà láàyè. A lè gbé ọmọbìnrin yẹn lọ sí Akínmọ̀ọ́rìn lọ́la, kí ẹ padà sórí àga yín. Ṣùgbọ́n ìwé tó ní òǹtẹ̀ yín ló ní ẹ kú. Ìwé mìíràn tó ní òǹtẹ̀ yín ló lè tú u.” Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Ó kà á: “Èmi, Ezekiel Ògúnlẹ́yẹ, kò mọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ tí mo lò. Akọ̀wé mi là mí lóye, n kò gbọ́. Mo wà láàyè.” Ó ní kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ sí gbogbo ibi tí wọ́n lẹ ti àkọ́kọ́ mọ́, kí ọ̀rọ̀ parí.

“Ṣé a ò lè kọ ọ́ pé akọ̀wé ló ṣìnà ni?”

“Rárá, sà.”

“Ṣé mi ò lè kàn kọ ọ́ pé mo tún ti papòdà padà?”

“Bàbá Mobọ́lá,” ni Adéjọkẹ́ wí, omi ń bọ́ lójú rẹ̀, “ẹ kọ ọ́. Ìlà mẹ́ta péré ni. Kò sí ẹni tí kì í ṣi ọ̀rọ̀ lò. Ẹ bá mi kọ ọ́, ká jọ máa lọ sílé.”

Ezekiel mú bírò. Ó kọ “Èmi, Ezekiel Ògúnlẹ́yẹ, kò”, ó sì dúró. Ó ń rí ògiri kọ́ọ̀tù lọ́kàn rẹ̀. Ó ń rí Bàbá Ifábùnmi tí ó ń fi ọ̀pá tọ́ka sí ìlà kìíní, tí àwọn ará Ìlọràá ń kọjá, tí wọ́n ń dúró kà á. Ọwọ́ rẹ̀ kò kúrò lórí “kò” yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀dé wo aago.

Ó gbé bírò sílẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ náà tọ̀nà,” ó wí. “Ẹ̀yin ni ẹ ò gbọ́ Yorùbá.”

“Sà?”

“Pa. Ipò. Dà. Ó tọ̀nà.”

Ọ̀gbẹ́ni Àbọ̀dé pa fáìlì dé, ó so okùn rẹ̀ jẹ́jẹ́. “Bí ó bá tọ̀nà, sà, a jẹ́ pé ẹ ti kú nìyẹn.”

Nígbà tí wọ́n jáde sí ojú títì, Ezekiel gbé orí sókè bí ẹni tó borí nínú ẹjọ́. “Ó yá, Adéjọkẹ́, jẹ́ ká wá mọ́tò Fìdítì.”

Adéjọkẹ́ fi etí ìró nu ojú rẹ̀ gbẹ. Ó wo ọkọ rẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, kò sì kánjú.

“Ọkọ tí mo bá wọlé síbẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ lójú mi pé òun kú. Opó ni mí. Ẹ ti rí opó tó ń bá òkú wọ mọ́tò rí?”

Mọ́tò Fìdítì kan dúró níwájú wọn. Awakọ̀ wo Adéjọkẹ́, ó wo ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní ṣé àwọn méjèèjì ni.

“Èmi nìkan ni,” Adéjọkẹ́ dá a lóhùn, ó wọlé, ó sì pa ilẹ̀kùn.